Òru Akpassi Kì Í Ṣe Ti Ẹnì Kan

"Ṣé ẹ fẹ́ ká máa gbé bí òkú ni?" Ohun tí wọ́n sábà fi ń dá ènìyàn lóhùn nìyẹn bí ó bá kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ láàjìn láti bẹ̀ ẹ́ pé kó dín ohùn orin kù. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, á jẹ́ "Inú ilé mi ni mo wà." Bó bá sì jẹ́ ọmọ tó ti gbé Kútọnu tàbí Párákù rí ló wá bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní òyìnbó ló ti dà, pé kó padà síbi tó ti wá, nítorí abúlé la wà níbí, ará abúlé kì í sì í bẹ̀rù ariwo.

Mo ti gbọ́ ìdáhùn wọ̀nyí lẹ́nu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún. Èrò tó wà nísàlẹ̀ wọn ti ta gbòǹgbò débi pé àwọn tí ariwo ń pa lára gan-an gbà á gbọ́. Wọ́n gbà pé ibi tí ariwo bá wà ni ìyè wà. Wọ́n gbà pé ọmọ onílù ni gbogbo wa láti Bantè dé Savalou, à báà jẹ́ Ìcà, Ìfẹ̀ tàbí Máhì. Wọ́n gbà pé aládùúgbò rere ni ẹni tó ń fara dà á, pé aládùúgbò burúkú sì ni ẹni tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Èmi kọ èrò náà, mo sì kọ̀ ọ́ tọkàntọkàn. Kì í ṣe pé mo kórìíra àríyá. Ohun tó ń dùn mí ni pé èrò náà gbé ẹ̀bi lé ẹni tí wọ́n jí lórí, ó wá ń yin ẹni tó jí i. Bẹ́ẹ̀, nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe ká jí ènìyàn lójú oorun àti ká jí nǹkan ẹlòmíràn gbé. Ẹni tó jí ọ lóru láìnídìí ti jí nǹkan rẹ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà ka ilẹ̀ Akpassi fúnra rẹ̀. Ọ̀kan ni nínú arrondissement mẹ́sàn-án tó para pọ̀ di kọmúùnù Bantè, ní Collines, ẹ̀ka Bẹ̀nẹ̀ tí ìjọba yọ lára Zou ní 1999. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ibẹ̀: isu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, sóyà, kajú. Nígbà kajú, láti nǹkan bí oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí àwọn èèyàn ti wà lábẹ́ igi tí wọ́n ń ṣa hóró. Ẹni tó ń kọ ebè isu kò lè dúró de oòrùn, ó gbọ́dọ̀ ti dé oko kí ilẹ̀ tó gbóná. Obìnrin tó ń yan gàrí ti mọ̀ kó tó sùn pé ẹ̀gẹ́ tó wà nínú àpò ń dúró de òun láàárọ̀. Oorun kì í ṣe fàájì fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ ni, bíi ọkọ́, bíi àdá. Ẹni tó bá fi orin gba wákàtí mẹ́ta nínú oorun àgbẹ̀, ọkọ́ ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún wá ní kó má bínú.

Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé abúlé kì í bẹ̀rù ariwo ti dorí ọ̀rọ̀ náà kodò. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sórí àga ní Kútọnu lè tògbé díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ má mọ̀. Ẹni tó di àdá mú ní abẹ́ igi kajú tàbí tó gun alùpùpù lọ sóko ní ìdájí, bó bá tògbé, ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹ wá wo "inú ilé mi ni mo wà" yẹn. Ilé wo? Agbo ilé là ń gbé. Ògiri kan náà ni ìdílé méjì máa ń pín. Ọ̀pọ̀ ilé kò ní àjà, páànù nìkan ló bò ó, àlàfo sì wà láàárín ògiri àti páànù kí atẹ́gùn lè wọlé. Nígbà tí ooru bá mú gan-an, ní oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tẹ́ ẹní síta. Orin tí ẹ tàn nínú yàrá yín kò sí nínú yàrá yín mọ́. Orí ẹní ẹlòmíràn ló wà. Bí èéfín iná ìdáná yín bá ń wọ ojú ìyá arúgbó tó wà ní ilé kejì, ẹ kò ní sọ fún un pé inú ilé yín ni iná náà wà. Ẹ ó gbé ààrò kúrò. Kí ló wá dé tí etí kò fi ní ẹ̀tọ́ tí ojú ní? Ojú tilẹ̀ ní ìpéǹpéjú. Etí kò ní ìlẹ̀kùn kankan. Bí a bá sùn, òun kì í sùn.

Òru tún ní agbára kan tí ọ̀sán kò ní. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ilẹ̀ a tutù ṣáájú afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ṣì gbóná lókè yìí a máa tẹ ìró padà sí ìsàlẹ̀ dípò kó jẹ́ kó fò lọ sójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ ìlù abúlé kejì lóru, tí a kì í gbọ́ ọ lọ́sàn-án. Nínú gbogbo ìró, èyí tó wúwo ló burú jù, èyí tó ń lu àyà ẹni bí ẹni gún odó. Ohùn akọrin lè kú sára ògiri alámọ̀, ṣùgbọ́n ìró tó wúwo a gba inú ògiri kọjá, a sì mú páànù orí ilé ẹlòmíràn máa gbọ̀n. Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ lè má mọ̀ ọ́n lára, nítorí adùn orin ti bò ó. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri kò gbọ́ orin, kò gbọ́ ọ̀rọ̀, kò gbọ́ adùn. Gìdì, gìdì, gìdì nìkan ló gbọ́.

Wọ́n á ní: ìlù ni àṣà wa. Ibí yìí ni ìjà mi pọ̀ sí jù, nítorí wọ́n ń fi orúkọ àwọn baba wa bo ohun tí àwọn baba wa kò ṣe. Onílù jẹ́ ènìyàn. Ọwọ́ rẹ̀ a máa ro ó. Á mu omi, á jẹun, á sinmi. Bí òjò bá dé, á gbé ìlù wọlé kí awọ má bàa rọ̀. Ìlù ní ẹni tó ń bá wí àti ohun tó ń wí, gbogbo ìlú ló sì ti mọ ìdí tí ó fi ń dún kó tó dún: wọ́n ń ṣe ọdún ni, wọ́n ń gbé ìyàwó ni, àgbà kan ló lọ. Ẹ̀rọ kò ní ọwọ́ tó ń ro ó. Ènìyàn kan ṣoṣo tó ti mutí yó lè tẹ bọ́tìnì kó sùn lọ fọnfọn, kí ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sí ẹni tó ń jó, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ àfi àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ọ. Èwo nínú àṣà Yorùbá nìyẹn?

Àṣà wa mọ ìdákẹ́jẹ́ dáadáa. Ìlú tí Orò bá jáde lóru, gbogbo ilẹ̀kùn a tì, gbogbo ẹnu a sé. Ọ̀pọ̀ wa ni àwọn ìyá wa kìlọ̀ fún ní kékeré pé ọmọ kì í súfèé lóru. Wọ́n ní ejò á wá, wọ́n ní ohun mìíràn á dáhùn. Ẹ fi ejò sílẹ̀ ná kí ẹ wo òfin tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀: súfèé lásán, tó ti ẹnu ọmọdé kan jáde, ni wọ́n kà sí ohun tí kò yẹ kó gba ojú òru kọjá. Kí ni wọ́n ì bá sọ nípa àpótí orin méjì tó ga bí ènìyàn? Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní Accra, àwọn Gà máa ń fòfin de ìlù àti ariwo fún nǹkan bí oṣù kan lọ́dọọdún kí ọdún Homowo wọn tó dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn ìjọ kan tí kò fẹ́ pa ìlù mọ́, títí tí ìjọba fi dá sí i. Mi ò sọ pé ká ya òfin àwọn Gà lò ní Akpassi. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ń sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ìdákẹ́jẹ́ mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà tó ń lu ìlù, òun náà ló ń pa ìdákẹ́jẹ́ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gbogbo ìró ni mò ń bá jà. Ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí, ìró tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé ni ti odó. Gbogbo ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Savalou kọjá mọ iyán ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ-odó méjì tàbí mẹ́ta a máa bọ́ sínú odó kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ìró rẹ̀ a sì máa ti ilé dé ilé. N kò tíì rí ẹni tó lọ ṣàròyé odó rí. Ìdí rẹ̀ hàn. A mọ ohun tó ń dún. A mọ pé kò ní pẹ́ dákẹ́, nítorí isu tó bá ti kúnná kò ní ohun tí a ń gún mọ́. Àkókò tí gbogbo ilé ń dáná ló ń dún. Ọmọ aládùúgbò tó bá sì yà kí ìyá kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ìró tó ní ìdí, tó ní òpin, tó bọ́ sí àkókò, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìwọ̀n yìí ni kí a fi wọn tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ amúnáwá, rédíò ìdájí, àti alùpùpù tí wọ́n tan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń fọn ín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹni tó ni ín tó wọ bàtà.

Àwọn àgbà sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìtumọ̀ tí a máa ń fún òwe yìí ni pé ìwà búburú ará ilé ẹni á padà kan ẹni. Ìtumọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òwe náà bó ṣe wà, láìtú u. Ẹni tó dá a ti dùbúlẹ̀ lóru rí, ó ti gbọ́ ohun tí kò jẹ́ kí òun sùn. Ẹ̀bi ta ló sì dá? Ó dá ti ẹni tó ń jẹ kòkòrò, ó tún dá ti ẹni tó dákẹ́ tí kò sọ fún un. "Tí a kò bá sọ fún un" ni ọkàn òwe náà. Òwe Yorùbá ló ń rán wa lọ kan ilẹ̀kùn, kì í ṣe ìwé òyìnbó.

Ta ló tilẹ̀ ń san owó ìfaradà tí wọ́n ń yìn yìí? Kì í ṣe ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tó lè dìde lọ bá wọn mu ọtí. Aboyún ló ń san án. Ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ló ń san án, àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Aláìsàn tó ti ń ka wákàtí láti ìrọ̀lẹ́. Ayálégbé tó jẹ́ àlejò, tí kò lè sọ̀rọ̀ kí wọ́n má bàa lé e. Ìyàwó ilé tí kò tíì pẹ́ nínú agbolé, tí ẹnu rẹ̀ kò tíì gba ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ léraléra pé ariwo òru ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń ba ọkàn jẹ́. Ní 2011, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ariwo ọkọ̀ nìkan ń gba ó kéré tán mílíọ̀nù kan ọdún ìlera lọ́wọ́ àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù lọ́dọọdún. Àwọn tó ní fèrèsé onígíláàsì ni wọ́n ṣírò yẹn fún.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ ilé ìwé. Ní New York, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Arline Bronzaft lọ sí ilé ìwé kan tí ọkọ̀ ojú irin ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tó rí, tó tẹ̀ jáde ní 1975, ni pé àwọn ọmọ tí kíláàsì wọn kọjú sí ojú irin ti rẹ̀yìn nínú ìwé kíkà sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó wà ní apá tó dákẹ́, nígbà mìíràn bí ọdún kan gbáko. Ilé ìwé kan náà, irú olùkọ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ irin, tí wọ́n sì ṣe àjà kíláàsì kó lè gbé ariwo mì, ìyàtọ̀ náà pòórá. Ẹ wá ronú ọmọ Akpassi tó ń múra ìdánwò CEP tàbí BEPC lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì fóònù, tí àpótí orin ń lù láti ẹ̀yìn ògiri. Bó bá fìdí rẹmi, a ó sọ pé ọpọlọ rẹ̀ kò jí. Kò sí ẹni tó máa rántí pé àwa la kò jẹ́ kó sùn.

Ọ̀rọ̀ òkú ló le jù, n ò sì ní yẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa ní Bẹ̀nẹ̀ mọ bí ìnáwó òkú ṣe rí: bàṣì lójú títì, sono, ìyẹn àwọn àpótí orin ńlá, tí wọ́n háyà láti ìlú ńlá, orin láti ọjọ́ Ẹtì di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dín in kù, wọ́n á ní ó fẹ́ tẹ́ òkú. Mo bi yín, ẹ̀yin ará: àgbà tó wà nínú ilẹ̀ yẹn, nígbà ayé rẹ̀, ṣé kì í ṣe òun ló máa ń jáde síta tó ń ní kí àwọn ọmọdé dákẹ́ nítorí ara kò yá ìyá kan ní ilé kejì? Báwo ni jíjí ìyá yẹn lóru méjì ṣe wá di ẹ̀yẹ fún un? Ẹ ná owó yín, ẹ jó, ẹ jẹ́ kí ìlù dún ní ọ̀sán títí di alẹ́. Àjìn kì í ṣe ara ẹ̀yẹ òkú.

Ti ilé ìsìn kò gùn. Bíbélì sọ fún wa pé Èlíjà kò bá Olúwa nínú ìjì, kò bá a nínú iná, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló gbọ́. Lùkùmọ́ọ̀nù nínú Kùránì gba ọmọ rẹ̀ níyànjú pé kó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ojú ilé àwọn èèyàn láago mẹ́ta òru, kó má sọ pé ìwé mímọ́ ló rán òun. Ti olówò náà kò gùn: ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta tàbí ilé ọtí ní ẹ̀tọ́ láti jẹun, ọ̀sán sì gùn tó fún un láti jẹ ẹ́.

Òfin wà, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kò sí. Òfin ńlá orí àyíká tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní oṣù kejì 1999, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 98-030, ka ariwo mọ́ ohun tó ń ba àyíká jẹ́. Ní 2001, ìjọba tún gbé àṣẹ 2001-294 jáde, ọ̀rọ̀ ariwo nìkan ló sì dá lé. Ní Èkó, ní oṣù kẹjọ 2016, ìjọba ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sálásí 20 pa nítorí ariwo, pẹ̀lú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé fàájì kan. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di kí ọlọ́pàá wá ti ilé Ọlọ́run pa, àdúgbò náà ti kùnà tipẹ́. Òfin dára fún ẹni tó bá kọ etí dídi sí ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n Kútọnu jìnnà, ilé aládùúgbò kò jìnnà.

Ọ̀nà tí a ó fi sọ ọ́ ló kù, nítorí àwa tí ariwo ń dí lọ́wọ́ náà máa ń ṣe é ṣì. A óò fara dà á fún oṣù mẹ́fà, lóru ọjọ́ kan a óò bẹ́ jáde pẹ̀lú èébú. Ẹ dúró di ọ̀la. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ara ti tu aládùúgbò yín. "Ẹ kú ilé o, bàbá Sùúrù." "Ẹ kú àbọ̀, ìyá. Ẹ jókòó." "Mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ orin àná ni mo bá wá. Ìyá mi àgbà kò rí oorun sùn, àyà rẹ̀ ń já. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá ti di aago mẹ́wàá, ẹ bá wa dín in kù." Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń tan orin kò mọ̀ pé ariwo náà ń dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí aládùúgbò yín wá dúró nínú yàrá yín lóru ọjọ́ kan kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ ṣe ìnáwó, ẹ lọ sọ fún àwọn tó yí yín ká ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì sọ aago tí yóò parí. Ẹ má kọ ojú àpótí orin sí ilé ẹlòmíràn, ẹ má gbé e ti ògiri tí ẹ jọ ní. Ẹ gbé ẹ̀rọ amúnáwá jìnnà sí fèrèsé àwọn èèyàn. Ẹ ti alùpùpù dé ojú títì kí ẹ tó tan án ní ìdájí. Kò sí èyí tó ń gba kọ́bọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ orin ní Akpassi, ní Bantè, ní Savalou, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí, ẹ pa á láago mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà kí ẹ jáde síta, kí ẹ dúró lójú àgbàlá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tẹ́tí sí ilé kejì. Ẹ ó gbọ́ bí ọmọ ibẹ̀ ṣe ń mí lójú oorun.